Àkáǹtì Àkọ́kọ́ fún Ọmọ

Òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ sí Ìkòròdú Industrial Estate ní Odógúnyán ń gba owó oṣù ní báńkì, ṣùgbọ́n inú kóló tàbí ọwọ́ alájọ ni owó ọmọ rẹ̀ sábà ń wà. Kóló kò burú fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ owó kíkà. Àmọ́ bí olè bá gbé e, ó tán nìyẹn. Owó inú báńkì ní NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, lẹ́yìn: láti ọdún 2024, bí báńkì ńlá bá wó, oníbàárà lè gbà tó mílíọ̀nù 5 náírà nínú owó rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ pàápàá lè ní àkáǹtì. First Bank ní KidsFirst fún àwọn tí kò tíì ju ọdún 12 lọ, ó sì ní MeFirst fún ọmọ ọdún 13 sí 17. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń ṣí i, òun náà ló ń buwọ́ lùwé títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀, BVN àti NIN yín dání, pẹ̀lú bíìlì iná tó fi àdírẹ́sì hàn.

Lójú tèmi, ìgbà tí ọmọ bá ti lè ka owó fúnra rẹ̀ ló dára jù láti ṣí àkáǹtì fún un, kó lè bá yín lọ sí báńkì, kó sì rí ibi tí owó náà wọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ná an láìsọ fún un.