Orí Keje: Nígbà tí Ọpọlọ Bá Mì

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Èèyàn lè já bọ́ lórí ọ̀kadà, kí orí rẹ̀ gbálẹ̀, kí ó dìde, kí ó gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egungun tó kán. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ló yọ yín." Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di alẹ́, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ iná á máa ni ín lójú. Ní ọjọ́ kejì, orúkọ ẹni tó mọ̀ dáadáa kò ní wá sí i lẹ́nu mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló mì. Àwọn dókítà ń pè é ní concussion.

Ọpọlọ rọ̀. Inú omi ló wà, egungun agbárí sì yí i ká. Bí orí bá gbá nǹkan, tàbí tí ọrùn bá fì síwájú-sẹ́yìn lójijì nínú ọkọ̀, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Ẹyin adìyẹ tí a bá mì jìgìjìgì, èèpo rẹ̀ lè má sán, kí pupa inú rẹ̀ sì ti fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí. Àwọn okùn iṣan tín-ín-rín tí apá kan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì á nà, iṣẹ́ wọn á sì dàrú fún ìgbà díẹ̀.

Kò di dandan kí èèyàn dákú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọpọlọ wọn mì ni kò dákú rárá. Bí wọ́n bá ya àwòrán orí ní ọsibítù, ó lè má fi nǹkan kan hàn, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ló dàrú, ìrísí rẹ̀ kò yí padà.

Àwọn àmì ewu

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lára ẹni tó fi orí gbá nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀:

1. Ó ń bì léraléra.
2. Orí tó ń fọ́ ọ ń le sí i.
3. Gìrì mú un.
4. Ọmọlójú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ.
5. Ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó mọ́ gaara ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀.
6. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń lọ́.
7. Ó ń sùn, wọn kò rí i jí, tàbí kò mọ ibi tó wà.

Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú orí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1962 ni Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ bíbí Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn.

Bí ara ṣe ń padà bọ̀ sípò

Bí kò bá sí àmì ewu, ìsinmi ọjọ́ kan tàbí méjì ló kọ́kọ́ yẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí aláìsàn wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn dókítà ti fi ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí kò le. Bí orí bá tún ń fọ́ ọ sí i, kí ó dín in kù. Kí ó má mu ọtí, kí ó má wa ọkọ̀, kí ó má sì gba bọ́ọ̀lù títí ara rẹ̀ yóò fi dá, nítorí bí orí bá tún gbá nǹkan kí ọpọlọ tó san, ewu ńlá ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á ti yá. Ti ọmọdé lè tó oṣù kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí orí ń fọ́ fún oṣù púpọ̀, tí wọn kò rí oorun sùn, tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan, tí inú sì ń tètè bí wọn. Irú wọn ló ń wá ìrànlọ́wọ́ mìíràn kún ti ọsibítù. Ọ̀kan nínú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni neurofeedback, ìyẹn fífi ẹ̀rọ kọ́ ọpọlọ láti máa darí ìgbì iná tirẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá

Iná mànàmáná kékeré ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Ní 1924, dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, fi ẹ̀rọ ká iná yìí sílẹ̀ láti orí èèyàn ní ìlú Jena. Ó rí i pé ó ń lọ sókè-sódò bí ìgbì. Bí èèyàn bá sùn wọra, ìgbì náà kì í pé mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá dijú, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó máa ń tó mẹ́jọ sí méjìlá. Bí ó bá ń ronú, ó ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín 1960 sí 1970, olùṣèwádìí kan, Barry Sterman, ní Kalifóníà ń fún àwọn ológbò ní wàrà nígbàkúùgbà tí ọpọlọ wọn bá gbé irú ìgbì kan jáde. Àwọn ológbò náà kọ́ láti máa gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n wá fi epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fa gìrì dán wọn wò, gìrì kò tètè mú àwọn tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1972, Sterman kọ̀wé nípa aláìsàn wárápá kan tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dín gìrì rẹ̀ kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Aláìsàn á jókòó. Wọ́n á lẹ àwọn wáyà kéékèèké mọ́ awọ orí rẹ̀. Wáyà náà kì í fi iná sínú orí. Ó kàn ń ka èyí tó wà níbẹ̀ ni. Aláìsàn á máa wo fíìmù. Bí ìgbì ọpọlọ rẹ̀ bá ń lọ bí wọ́n ṣe fẹ́, àwòrán á mọ́lẹ̀ kedere. Bí kò bá lọ bẹ́ẹ̀, àwòrán á ṣú. Díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ á máa kọ́ ọ̀nà tó tọ́. Ìjókòó kan lè gba bí ìdajì wákàtí, ó sì lè tó ogún sí ogójì ìjókòó.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Àwọn kan sọ pé ó jẹ́ kí oorun àwọn padà, tí orí fífọ́ sì dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ fún ọpọlọ tó mì kò pọ̀, iye èèyàn tó sì wà nínú wọn kéré. Ọjọ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀ ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn, nítorí náà ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ṣe é tàbí àkókò. Owó rẹ̀ sì pọ̀.

Àfikún ni neurofeedback. Kò lè rọ́pò dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó bi olùtọ́jú léèrè: Ǹjẹ́ ẹ ní ìwé àṣẹ? Kí lẹ fẹ́ kó san lára mi? Ìjókòó mélòó la ó ṣe kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Èló ni gbogbo rẹ̀? Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa oògùn ọsibítù tì, ẹ má fún un lówó.

Iṣẹ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé

1. Kí ló dé tí àwòrán orí fi lè má fi nǹkan kan hàn?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín kíka iná ọpọlọ àti fífi iná sínú ọpọlọ?
3. Ẹ fi ọwọ́ ara yín da àmì ewu méjèèje kọ sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé yín, kí ẹ sì kà á sétí àwọn ará ilé.