Ọmọ Àlejò ní Ìlọrin

Ní ọdún 1966, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà mẹ́ta sílẹ̀, ní Sókótó, Warri àti Okposi, kí àwọn ọmọ oríṣìíríṣìí ẹ̀yà lè máa gbé pọ̀. Wọ́n dá irú rẹ̀ sí Ìlọrin ní 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí.

Ọmọ tí ó bá ti Kàlàbá wá síbẹ̀ kì í rí ojú tí ó mọ̀ ní ọjọ́ kìíní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń gbà á nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí agogo bá ti lù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà. Ìkíni ni ó tilẹ̀ ń dẹ́rù bà á jù. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ẹni tí ó bá kú ti di èrò ọ̀run; èéṣe tí gbogbo ènìyàn fi ń wí pé “ẹ kú àárọ̀”, “ẹ kú ọ̀sán”, “ẹ kú ìjókòó”? Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́: ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé, yóò tẹríba níwájú obìnrin tí ń se oúnjẹ fún wọn, yóò sì wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá.” Obìnrin náà a dáhùn pé, “Òo, ọmọ mi,” a sì tún bu ẹ̀wà díẹ̀ kún àwo rẹ̀.