ÀDÚRÀ TÍ Ó TI INÚ ỌKÀN WÁ

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: 1 Sámúẹ́lì 1:1–18, Mátíù 6:5–8

Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ẹ̀kọ́ díẹ̀ sínú ìwé ìrántí yìí. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa gan-an ni a kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tí a kọ ọ́ ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Gbogbo ẹni tí ń ná Ọjà Ọba níhìn-ín ní Àkúrẹ́ ni ó mọ kóńgò. Kóńgò kan wà tí gàrí kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú, tí wọ́n tún bù lé e lórí títí ó fi ṣe ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa dúpẹ́ èènì. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ti pẹ́ lọ́jà kì í wo ẹnu kóńgò. Ọwọ́ ni wọ́n ń tì bọ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọn nǹkan sí i. Àdúrà náà ní ẹnu, ó sì ní ìdí. Àwa Aládùúrà, ká má parọ́, ẹnu tiwa kún. A mọ agogo í lù, a mọ Sáàmù í kà, aṣọ wa funfun báláú. Ibi tí Ọlọ́run ń ti ọwọ́ bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo Hánà. Àjọ̀dún ni wọ́n lọ ṣe ní Ṣílò, bí irú èyí tí a ń ṣe yìí. Wọ́n rúbọ, wọ́n pín ẹran, àwọn ènìyàn ń jẹ, wọ́n ń mu. Hánà kò lè jẹun, nítorí orogún rẹ̀ a máa fi àìrọ́mọbí bú u lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ọdún gan-an. (Ẹ jọ̀wọ́ o, ṣé kò sí Hánà nínú àlejò wa lónìí, tí a gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀ tí kò lọ?) Ó dìde, ó lọ síwájú Olúwa. Ètè rẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà jókòó lẹ́bàá òpó, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì rò pé ọtí ni ó pa á.

Ẹ kíyè sí i: àlùfáà ni ó ṣi obìnrin yìí wò, kì í ṣe ọmọ ìta. Ẹnu ni ó ń wò. Hánà kò bá a jà, kò sì bú u. Ó sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun kò mu ọtí, ọkàn òun ni òun ń tú jáde níwájú Olúwa. Élì náà, ẹ jẹ́ kí a fún un ní tirẹ̀, kò ṣe agídí. Ó súre fún un. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Hánà bá tirẹ̀ lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fajúro mọ́. Oyún kò tíì dé! Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó lè dìde jẹ́ nínú ìjọ. Ó ti gbé ọkàn rẹ̀ fún Ọlọ́run, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

A kò sọ pé ariwo burú. Bátímáù afọ́jú pariwo lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò, wọ́n ní kí ó dákẹ́, ńṣe ni ó tún kígbe sí i, Jésù sì dá a lóhùn. Ẹni tí ń pariwo lè ṣe òótọ́, ẹni tí ó dákẹ́ náà sì lè máa sùn.

Ìpilẹ̀ tiwa náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Olóògbé Joseph Shadare jẹ́ aṣáájú wọn. Olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, wà láàárín wọn. Ìpayà ni ó kó wọn jọ, kì í ṣe ètò.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọ̀wá, ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì fún P.W.D. lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà dúró, kò lọ mọ́, ó sì gbọ́ ohùn tí ń pè é. Kò sí akọrin níbẹ̀, kò sí pẹpẹ. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Oṣù keje ọdún 1930 ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó wọ́ tọ̀ ọ́ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì láàárín ìpè yẹn àti ìró yẹn. Yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, wà ní Ìkejì-Arákejì níbi ìpè náà. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà Iléṣà wá, ẹ ti kọjá lágbègbè ibẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan àwa fúnra wa. A ti kọ́ bí a ti ń gbàdúrà tí àlejò yóò fi béèrè orúkọ wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ wa kan dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù. Ní òru, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí agogo, a kò wọ sùtánà, bàtà pàápàá wà lẹ́sẹ̀ wa. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tí a máa ń sọ lórí pẹpẹ, a wá a tì. "Baba, ṣàánú" nìkan ni ó ń jáde, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà yè. Ìyá kan jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó gbàdúrà ju tiwa lọ, ọmọ tirẹ̀ kò yè. A kò ní tìtorí ìwé àjọ̀dún parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún wa pé ọmọ wa ti lajú, ìyá yìí di ọwọ́ wa mú, ó bá wa dúpẹ́. A kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n bí a bá dé pẹpẹ tí ẹnu wa fẹ́ máa dùn jù, òun ni a máa ń rántí.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí a fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ nínú ìṣọ́ òru Fúráídè, láìsí agogo, láìsí ìlù, kí olúkúlùkù bá Ọlọ́run sọ tinú rẹ̀. Àwọn kan ní ṣé a fẹ́ sọ ìjọ Aládùúrà di ilé òkú ni? Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, alàgbà kan hanrun. Àwa tí a mú àbá wá, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkàn wa ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, tí ó ti dé orí owó páànù. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó rí ibì kan jókòó sí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, kò sì sí ẹni tí ó sáré lọ lu agogo sí i létí.

Aago méjì sí méjì àbọ̀ òru ni. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ óò bá wa ṣe ìṣọ́ òru, ààyè wà fún yín. Ẹ ṣáà bá wa fi agogo sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Akọ̀wé Ìjọ