Èènì àti Owó Ọrẹ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ti rán lọ sí ọjà rí tí kò mọ èènì. Bí ó bá ra gààrì, tí olùtà sì ti wọn iye tí ó sanwó fún tán, ọmọ náà kò ní tíì gbé igbá rẹ̀ kúrò. Yóò dúró díẹ̀, yóò wo ojú olùtà, yóò sì wí pé, ‘Ẹ fún mi ní èènì.’ Olùtà yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún un. Ẹ̀kúnwọ́ yìí kò sí nínú iye tí a ná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó sọ ọ́ di dandan. Síbẹ̀, olùtà tí ó bá háwọ́ èènì kò ní pẹ́ rí i pé àwọn oníbàárà ń gba iwájú ìsọ̀ òun kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ilé oúnjẹ, èènì ni ọbẹ̀ tí olóúnjẹ tún dà lé orí àmàlà lẹ́yìn tí ó ti ka iye ẹran tán. Ó lè jẹ́ ìdajì síbí gbẹ̀gìrì, ó sì lè jẹ́ egungun kan tí kò gba owó rẹ̀. Oníbàárà kì í sábà dúpẹ́ púpọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé rẹ̀.

Owó ọrẹ yàtọ̀ sí èyí. Òun ni owó tí oníbàárà fi sílẹ̀ fún agbáwo, ìyẹn ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá síwájú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti san owó oúnjẹ fún onílé oúnjẹ. Èènì ń ti ọwọ́ ẹni tí ń tà bọ̀ sí ọwọ́ ẹni tí ń rà; owó ọrẹ ń ti ọwọ́ ẹni tí ó rà lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀ wò, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹ̀bùn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ afúnni ní í lékè, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ wọn wà. Nígbà tí olóúnjẹ bá bu èènì, ọwọ́ tirẹ̀ ni ó wà lókè, ìbáà jẹ́ pé aláìní ni òun, tí oníbàárà rẹ̀ sì jẹ́ ọlọ́lá. Nígbà tí agbáwo bá ń retí owó ọrẹ, ọwọ́ tirẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Èyí kò burú bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn tí ó sì ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ohun rere ni ó ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni ìgbà tí ọrẹ bá di ohun tí agbáwo fi ń jẹun, tí ó sì fi ń san owó ilé.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ rere ní ilé oúnjẹ. Kí ènìyàn wọ inú búkà kan ní ìlú Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, yóò rí iṣẹ́ náà ní ojúkorojú. Olóúnjẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rí ẹni tí ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó jókòó. Ó kí i. Ọmọdébìnrin kan ti nu tábìlì kí ó tó gbé omi ìfọwọ́ wá, nítorí pé tábìlì tí a nù lẹ́yìn tí oúnjẹ ti dé orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò nù. Àmàlà gbóná, ewédú fà, abọ́ sì mọ́ nínú àti lẹ́yìn. Bí ṣàkì bá ti tán, a ó sọ fún oníbàárà kí ó tó san owó, a kò ní dọ́gbọ́n fi pọ̀nmọ́ rọ́pò rẹ̀ kí a tún máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni a ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Níbi púpọ̀, ìlànà yìí ni ó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́: alágbádá kan yóò wọlé, ọmọ ilé ìwé tí ó ti dúró láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò sì di ẹni tí a kò rí mọ́.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà kà kún iṣẹ́ rere, ìyẹn ni ṣẹ́ńjì. Agbáwo rere a máa dá ṣẹ́ńjì padà ní pípé láìjẹ́ pé a bi í. Èyí tí ó gbé e pamọ́, tí ó ń kọjá tí ó ń bọ̀, tí ó ń retí pé kí oníbàárà gbàgbé, kò tíì gba owó ọrẹ; ó fẹ́ fi ọgbọ́n gba ohun tí a kò tíì fún un. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Ìkíni ibẹ̀ a máa kúrú ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, yóò gùn, yóò dùn, yóò sì máa tẹ̀lé àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Àlejò tí ó mọ̀ pé owó ni wọ́n ń kí kò lè gbádùn ìkíni náà mọ́.

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀ràn yìí lè dé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kí a wò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọrẹ ti di owó ọ̀yà pátápátá. Kì í ṣe ibẹ̀ ni àṣà náà ti ṣẹ̀. Yúróòpù ni àwọn olówó ilẹ̀ náà ti rí i, tí wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wọn kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí ọmọ ìlú òmìnira máa tẹ́wọ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ ìlú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1909, ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin tí ó ka owó ọrẹ léèwọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 1926, gbogbo òfin wọ̀nyí ti parẹ́.

Ohun tí ó fi ìdí àṣà náà múlẹ̀ ni pé àwọn agbanisíṣẹ́ rí èrè nínú rẹ̀. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, a sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fún wọn ní ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a fẹ́ gbà wọ́n sí kò pọ̀. George Pullman, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin oníbùsùn sílẹ̀ ní 1867, gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti máa tọ́jú àwọn èrò. Àwọn ni ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ni ń gbé ẹrù, àwọn ni ń nu bàtà èrò ní òru nígbà tí onítọ̀hún ń sùn. Owó tí ilé iṣẹ́ ń san fún wọn kéré, nítorí pé a gbà pé àwọn èrò yóò fi owó ọrẹ dí i. Ọ̀pọ̀ èrò kò béèrè orúkọ wọn rárá. ‘George’ ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, tí í ṣe orúkọ Pullman fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú láyé àtijọ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń fi oríkì jí ọmọ ní òwúrọ̀, kò ṣòro láti mọ bí èyí yóò ti dun ènìyàn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà ní àpò ẹni tí ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò jẹ́ ‘Sà’, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní New York, wọ́n sì fi A. Philip Randolph ṣe olórí. Ọdún méjìlá gbáko ni ó gbà wọ́n. Ilé iṣẹ́ náà lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń rán amí sí àárín wọn. Ní 1937, ó bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: owó ọ̀yà wọn gbéra, wákàtí iṣẹ́ wọn sì dín láti nǹkan bí 400 ní oṣù kan sí 240. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìtàn yìí kí ó wá rò pé iṣẹ́ gbígbé àwo tàbí gbígbé ẹrù ni ó ní àbùkù. Thurgood Marshall, tí ó di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ní 1967, ti ṣe agbáwo nínú ọkọ̀ ojú irin rí nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, bàbá rẹ̀ sì ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ní ọlá tirẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà san owó rẹ̀ ni ó burú.

Àwọn agbáwo ilé oúnjẹ kò rí irú ìdáǹdè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ọ̀yà tí ó kéré jùlọ ní 1938, òfin náà kò kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní 1966 ni a tó kó wọn wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n a fi àyè kan sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́: ó lè ka owó ọrẹ tí agbáwo ń gbà mọ́ owó ọ̀yà tí òun fúnra rẹ̀ yẹ kí ó san. Láti 1991, dọ́là 2.13 fún wákàtí kan ni ó tó kí agbanisíṣẹ́ mú jáde láti inú àpò ara rẹ̀. Nígbà tí owó ọ̀yà àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì gòkè dé dọ́là 7.25 ní 2009, dọ́là 2.13 náà kò kúrò lójú kan. Títí di 2025, bẹ́ẹ̀ ni ó wà. Òfin sọ pé bí owó ọrẹ kò bá tó láti dí àlàfo náà, agbanisíṣẹ́ ni yóò dí i. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi California àti Minnesota, kò gbà kí a ka ọrẹ mọ́ owó ọ̀yà rárá. Ní ibi tí a ti ń kà á, oníbàárà ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ agbáwo. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó jẹ oúnjẹ dọ́là 40 fi gbọ́dọ̀ mú bí dọ́là 6 sí 8 sílẹ̀ sí i, kí a má baà kà á sí ahun.

Àwọn tí ó fẹ́ràn àṣà yìí ní àwíjàre kan: wọ́n ní ìrètí owó ọrẹ ni ó ń mú kí agbáwo ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ìwádìí kò tì í lẹ́yìn. Michael Lynn, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀ràn yìí, ó sì rí i pé ìsopọ̀ tí ó wà láàrin bí iṣẹ́ ti dára tó àti bí owó ọrẹ ti pọ̀ tó kéré gan-an. Bí owó oúnjẹ bá ti pọ̀ tó ni owó ọrẹ máa ń pọ̀ tó, ìbáà jẹ́ pé agbáwo yára ni tàbí pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 1993, a rí i pé agbáwo tí ó bá lósòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nígbà tí ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ a máa gba owó ọrẹ ju èyí tí ó dúró gbọingbọin lọ. Ọmọ Yorùbá tí a ti ń kọ́ láti kékeré pé kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà lè rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ fún àgbà nítorí ọ̀wọ̀. Agbáwo yìí lósòó nítorí kọ́bọ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí ó wà ní ìdí ààrò. Òun ni ó se oúnjẹ tí oníbàárà ń yìn, ooru iná ni ó sì ń mú un láti àárọ̀, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, owó tí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin agbáwo tí oníbàárà ń sọ ìsọkúsọ sí. Bí ó bá dá a lóhùn bí ó ti yẹ, ó pàdánù owó ọjọ́ náà. Bí ó bá dákẹ́, onítọ̀hún yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yí i padà. Ní 2015, Danny Meyer, onílé oúnjẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní New York, kéde pé òun kò ní gba owó ọrẹ mọ́ ní àwọn ilé oúnjẹ òun. Ó fi kún owó oúnjẹ, kí ó lè fi san owó ọ̀yà gidi fún agbáwo àti alásè bákan náà. Kò rọrùn. Àwọn agbáwo kan tí ó ti ń gba owó púpọ̀ tẹ́lẹ̀ bá tiwọn lọ, oníbàárà tí ó rí iye owó tuntun lára oúnjẹ sì rò pé ó wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni ó ń san tẹ́lẹ̀. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ó jẹ́ kí owó ọrẹ padà. Kò sọ pé èrò òun kò dára. Àṣà tí gbogbo ìlú ń tẹ̀lé ni ó wúwo jù fún ilé oúnjẹ díẹ̀ láti gbé dànù.

Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, owó ọrẹ kò sí nínú àṣà wọn. Àlejò tí ó bá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì lè rí agbáwo tí ó ń sáré tẹ̀lé e láti dá a padà, tí ó rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni. Síbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò a máa yin iṣẹ́ àwọn agbáwo ilẹ̀ náà gidigidi. Ní ilẹ̀ Faransé, owó iṣẹ́ ti wà nínú iye tí a kọ sí ara oúnjẹ.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, tí wọ́n sì ń jẹ iyán àti àmàlà ní ilé oúnjẹ àwọn ènìyàn wọn, ọ̀nà àárín ni wọ́n ń tọ̀. Ilé oúnjẹ púpọ̀ a máa fi ìdá 12.5 nínú 100 kún ìwé owó gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Láyé àtijọ́, agbanisíṣẹ́ lè mú nínú owó yìí; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láìyọ kọ́bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹun níbẹ̀ ní láti ka ìwé owó dé ìsàlẹ̀ kí ó tó mú owó mìíràn jáde. Bí owó iṣẹ́ bá ti wà níbẹ̀, kò jẹ gbèsè ọrẹ mọ́. Bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé owó náà kì í ṣe dandan, ó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.