Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Yíyan Ètò Ìtọ́jú Fáìlì Lórí Linux

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà ló ń bèèrè èyí tó yára jù nínú àwọn ètò ìtọ́jú fáìlì bí ext4, Btrfs àti XFS. Lórí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń kọ lẹ́tà, tó sì fi ń ṣírò owó ọjà, agbára káká ni ojú fi máa rí ìyàtọ̀ eré wọn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: bí iná bá lọ lójijì, tàbí tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, kí ló máa ṣẹ́kù?

Ext4 ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lò. Láti ìparí ọdún 2008 ló ti dúró ṣinṣin nínú Linux. Kó tó tún ètò orí dísíìkì tò, á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú àkọsílẹ̀ kan. Bí iná bá já a, àkọsílẹ̀ yẹn ló máa kà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn, kó lè tún ètò náà ṣe. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, tí iná kì í dágbére kó tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ètò dísíìkì ni àkọsílẹ̀ náà ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ ṣì lè sọnù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Btrfs, tí Chris Mason bẹ̀rẹ̀ ní Oracle lọ́dún 2007, kì í sábà kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ibòmíràn ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ló máa wá yí ìtọ́ka sí i. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣe snapshot, ìyẹn ẹ̀dà ipò tí fáìlì wà lákòókò kan, wàrà, tí ẹ ó sì lè padà sí ipò àná bí ìmúdójúìwọ̀n bá ba nǹkan jẹ́. Ó tún ń fi checksum, ìyẹn nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń ṣírò láti inú fáìlì, ṣọ́ fáìlì, kó lè ké gbàjarè bí dísíìkì bá bà á jẹ́. Níbi tó bá ti ní ẹ̀dà kejì nìkan ló ti lè tún un ṣe. Fedora, ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux, gbà á fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n ó máa ń dààmú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹ ti pa fídíò ńlá rẹ́, àyè orí dísíìkì ò sì kúrò lójú kan, torí pé snapshot ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì di fídíò náà mú.

XFS, iṣẹ́ ọwọ́ Silicon Graphics, dára fún sáfà tó ń gbé fáìlì ràgàjì. Ó ṣeé fẹ̀, àmọ́ kò ṣeé dín kù bíi ti ext4. Kí ẹni tó fẹ́ lò ó fara balẹ̀ pín dísíìkì rẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, orí dísíìkì kan náà ni fáìlì yín ń gbé, títí kan snapshot Btrfs. Bí dísíìkì bá kú, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ẹ ra dísíìkì àfikún, kí ẹ máa da fáìlì kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ lsblk -f láti mọ èyí tí kọ̀ǹpútà yín ń lò báyìí. Kí ẹ tó ṣe fọ́ọ̀mátì, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan láti inú ẹ̀dà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì kà wọ́n dópin.