Ọ̀dọ́, Ẹ Forúkọ Àwọn Ìyá Yín Sílẹ̀ fún Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ẹrù ilé sanwó ìtọ́jú ni kò mọ̀ pé òfin ti ro tiwọn. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀; ti ọdún 2022 sì dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó.

Àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ ló ń há.

Àwọn tó ń forúkọ ẹni sílẹ̀ á bèèrè NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni kò ní in. Ìmọ̀ràn àgbà fún ọ̀dọ́ tó mọ fóònù í lò ni pé kó mú ìyá rẹ̀, àti ti aládùúgbò, lọ gba NIN, kó forúkọ wọn sílẹ̀, kó sì bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n pín wọn sí.