Bastogne, 1944: Oríta Ọlọ́nà Méje àti Epo Tó Tán

Nínú ìwé Ogun Àgbáyé Kejì, ìgboyà àwọn sójà ló máa ń kún orí tó sọ nípa ìjà Ardennes. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ́ máàpù sílẹ̀ ná.

Igbó olókè ni Ardennes, ní Belgium àti Luxembourg. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó tó 200,000 já lu àwọn ará Amẹ́ríkà níbẹ̀ lójijì. Èbúté Antwerp ni Hitler fẹ́ kí wọ́n dé, kí wọ́n sì gé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà lápá àríwá kúrò lára àwọn ti Amẹ́ríkà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró de ojú ọjọ́ burúkú, torí bí kùrukùru bá bolẹ̀, bàálù àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò ní lè fò.

Táǹkì kò lè máa la irú igbó bẹ́ẹ̀ kọjá nínú ẹrẹ̀ àti yìnyín; ojú títì ló ń gbà. Ìlú kékeré Bastogne sì ni ọ̀nà méje ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi sáré kó Ìpín 101 lọ síbẹ̀. Párásúùtù ni àwọn wọ̀nyí fi máa ń balẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ẹrù ló gbé wọn lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní aṣọ òtútù. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ń yin ìbọn àgbá, ìyẹn ẹgbẹ́ 969, jà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ ká máa dárúkọ wọn jù báyìí lọ.

Jámánì yí ìlú náà ká. Ní ọjọ́ 22, wọ́n ní kí Ọ̀gágun McAuliffe túúbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi fèsì: “Nuts!” Ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn aṣojú tó wá gbèsì, àfi ìgbà tí wọ́n là á yé wọn pé ẹ lọ sí ọ̀run àpáàdì ló ń jẹ́. Lọ́jọ́ kejì ojú ọ̀run là, bàálù sì já oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 26, àwọn táǹkì Patton dé láti gúúsù.

Epo ńkọ́? Èyí tí Jámánì ní kò tó dé Antwerp. Wọ́n gbójú lé èyí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Peiper ló ṣáájú lápá àríwá, òun tí àwọn sójà rẹ̀ pa àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti túúbá nítòsí Malmedy. Epo tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ní La Gleize. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 24, òun àti nǹkan bí 800 sójà fi táǹkì wọn sílẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú yìnyín.

Ìjà náà parí ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1945. Nǹkan bí 19,000 ará Amẹ́ríkà ló kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Soviet ti dìde ní Poland ní ọjọ́ 12 oṣù yẹn, ọ̀pọ̀ táǹkì tí Jámánì ìbá fi dá wọn dúró ti bàjẹ́ sínú igbó Ardennes.